Ìwé Oníhò

Ìwé kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ téèyàn rà á ló ṣófo jù. Kò sí ìtàn àròsọ nínú rẹ̀, kò sí ewì, òǹkọ̀wé kankan ò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Páálí aláwọ̀ búlúù ni, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta. Tí ẹ bá ṣí i, ihò róbótó-róbótó lẹ máa rí, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé lórí ìlà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Lábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ọdún kan ló wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọdún kan, wọ́n fi lẹ́tà kan ṣoṣo kún un: D tàbí S. Iṣẹ́ tó kù di ti ẹni tó rà á: kó wá owó onírin tó bá ihò kọ̀ọ̀kan mu, kó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Fódà ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe é. Èyí tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó ní èèpo líle àti ojú-ìwé tó ṣe é yọ, ni wọ́n ń pè ní álíbọ́ọ̀mù. Ó ti lé ní 80 ọdún tí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ti ń fi owó kún un. Ṣùgbọ́n báyìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé fódà àtijọ́ gan-an ni wọ́n ń wá, owó wà nínú rẹ̀ o, kò sí o. Wọ́n á wo ìtẹ̀jáde tó jẹ́, wọ́n á wo àwọ̀ èèpo rẹ̀, wọ́n á wo iye tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, wọ́n á wò ó bóyá ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ti ń ya. Lójú ẹni tí kò mọ̀, wọ́n dà bí ẹni tó ra ìkòkò ọbẹ̀ tí kò bèèrè ọbẹ̀. Lójú tèmi, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni pé kí n ka fódà yìí bí a ṣe ń ka ìwé, kí n yìn ín níbi tó bá yẹ ká yìn ín, kí n sì bá a wí níbi tó bá kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀rọ̀ tí mo ní sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé gidi ni fódà tó ti kún tàbí tó ti kún dé ìdajì, ẹni tó kún un ló kọ ọ́, àwọn tó ń tú u ká nítorí owó méjì mẹ́ta tó níye lórí sì ń ya ìwé yẹn láì kà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kí fódà tó dé, pátákó ló wà. Ní 1934, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Kent Post, tó ń gbé ní ìlú Neenah ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, gbé páálí ńlá kan jáde. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 11, gígùn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 14. Wọ́n lu ihò sí i, ihò kọ̀ọ̀kan sì gba pẹ́nì kan tó ní orí Ààrẹ Lincoln lára. Ilé iṣẹ́ Whitman ní ìlú Racine, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ló ń bá a tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí Whitman fi gba òwò náà mọ́ra pátápátá. Sẹ́ńtì 25 ni wọ́n ń ta pátákó kan. Ẹ má rò pé ilé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nípa owó ni Whitman o. Ìwé ọmọdé olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí, irú èyí tí ọmọ lè rà ní ilé ìtajà àdúgbò. Ọ̀gbẹ́ni R. S. Yeoman, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Richard S. Yeo, wọ ibẹ̀ ní 1932, òun ni ọ̀rọ̀ owó onírin wá bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1940, wọ́n ti ṣẹ́ pátákó ara ògiri náà sí mẹ́ta, ó di ohun tó ṣe é kó sáàárín ìwé lórí pẹpẹ. Bí fódà ṣe délé ayé nìyẹn.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: 1934. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, iṣẹ́ ò sí, owó ò sí. Kí ló máa mú kí ohun ìṣeré tó ní í ṣe pẹ̀lú owó tà nírú àkókò yẹn? Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Pẹ́nì tó wà nínú ihò ò kú, pẹ́nì náà ló ṣì jẹ́. Bí ebi bá dé, èèyàn lè tì í jáde kó lọ fi ra búrẹ́dì. Kóló ni pátákó yẹn, ẹ̀yin ará, kóló tó ní fèrèsé. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan ju kóló wa lọ. Kóló ò lè sọ ohun tẹ́ ẹ ní fún yín àfi tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ. Fódà máa ń sọ ohun tẹ́ ẹ ní, á tún máa sọ ohun tẹ́ ò ní, lójoojúmọ́, láì fi bò.

Níbi tí agbára rẹ̀ wà nìyẹn. Kí pátákó Post tó dé, owó onírin àtijọ́ jẹ́ eré àwọn tó rí jájẹ. Inú dúrọ́ọ̀ onígi ni wọ́n ń tò ó sí. Pátákó yìí gbé eré náà wá sídìí tábìlì ìdáná. Owó tí bàbá mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ṣéńjì tí ìyá gbà lọ́wọ́ alápatà, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ á yẹ̀ wò kí wọ́n tó ná an. Wọn ò nílò láti mọ ìtàn kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ihò náà ló ń kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ka ojú-ìwé kan pọ̀. Fódà kìíní fún pẹ́nì Lincoln bẹ̀rẹ̀ láti 1909, ó parí sí 1940. Ní 1909 ni pẹ́nì náà jáde, nígbà tó pé 100 ọdún tí wọ́n bí Lincoln. Ihò tí kò ní lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúró fún owó tí wọ́n rọ ní Philadelphia. D ni Denver, S ni San Francisco. Nínú ọ̀pọ̀ ìtẹ̀jáde, wọ́n tún tẹ iye tí wọ́n rọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké yẹn ni eré orí ìtàgé inú ìwé yìí. Ẹ ó kọjá lórí ihò mẹ́wàá tó jẹ́ mílíọ̀nù mílíọ̀nù, ẹ ó wá kan 1931 S: 866,000. Ẹ ó kan 1914 D: 1,193,000. Ọkàn á fò sókè díẹ̀. Ẹ ó wá padà sókè ní ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ihò tó lókìkí jù lọ wà: 1909 S VDB, 484,000.

Ìtàn rẹ̀ nìyí ní ṣókí. Victor David Brenner ló ya àwòrán pẹ́nì náà. Wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, V.D.B., sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn owó. Owó náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ 1909, àwọn èèyàn sì pariwo pé lẹ́tà náà ti hàn jù, pé ó dà bí ìpolówó ọjà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n yọ ọ́. Philadelphia ti rọ èyí tó ní lẹ́tà náà lé ní mílíọ̀nù 27 kí wọ́n tó yọ ọ́. San Francisco ò tíì rìn jìnnà rárá. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba tí wọ́n rọ níbẹ̀ fi di àléèbá fún ọmọ Amẹ́ríkà láti ìran dé ìran. Iye ọmọ tó dàgbà tí ihò yẹn ṣì ń wò wọ́n lójú ò ní lóǹkà.

Níbí ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìwé náà wí. Fódà fi dá wa lójú pé "pípé" túmọ̀ sí ọdún kọ̀ọ̀kan àti ilé ìrọwó kọ̀ọ̀kan. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èèyàn lè kó owó jọ nítorí àwòrán ara rẹ̀, nítorí irin tí wọ́n fi rọ ọ́, nítorí ìtàn ìlú tó ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìtẹ̀wé kan ní Wisconsin ti lu ihò, ihò náà di òfin. Ẹ wo pẹ́nì 1922: Denver nìkan ló rọ pẹ́nì lọ́dún náà, ṣùgbọ́n lára àwọn kan, D náà ò yọ rárá torí irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ti gbó. Àṣìṣe ẹ̀rọ lásán ni. Ẹni tó bá ṣe fódà ló máa pinnu bóyá àṣìṣe yẹn yẹ ní ihò tirẹ̀. Bó bá fún un ní ihò, ó di dandan fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti ra àṣìṣe. Bí kò bá fún un, ẹni tó bá rí i nínú ṣéńjì rẹ̀ lè ná an láì mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo fóònù mọ irú àṣẹ yìí dáadáa. Áàpù á ya òrùka méje fún yín, ẹ ó kún mẹ́fà, ìkeje ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Kò sẹ́ni tó bi yín bóyá méje lẹ fẹ́.

Ẹ̀bi kejì burú jù, àrínifín gidi ló jẹ́ fún owó. Fódà Whitman ní bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ihò, nítorí náà ojú kan ṣoṣo ni owó máa ń fi hàn. Orí Lincoln lẹ ó rí. Ẹ̀yìn owó á dojú kọ páálí títí láé. Ẹ wá rántí ibi tí V.D.B. wà: ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé ihò tó lókìkí jù lọ nínú ìwé náà, ìwé náà fúnra rẹ̀ ló bo ẹ̀rí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, kò sí bí àlejò ṣe máa mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti 1909 S lásán tí wọ́n yọ lẹ́tà kúrò lára rẹ̀, àfi kó gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín gbọ́.

Ti dime tí wọ́n ń pè ní Mercury, owó sẹ́ńtì 10 tí wọ́n rọ láti 1916 sí 1945, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún wà níwájú rẹ̀, àmì ilé ìrọwó wà lẹ́yìn. Philadelphia rọ lé ní mílíọ̀nù 22 ní 1916. Denver rọ 264,000 péré. D tín-ín-rín kan lẹ́yìn owó ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú fódà, ẹ ní láti yàn: ẹ fẹ́ fi ọdún hàn ni, àbí ẹ fẹ́ fi D hàn? Ẹ ò lè fi méjèèjì hàn. Àwọn ọ̀lẹ̀lẹ̀ sì mọ èyí. Ọ̀pọ̀ D ayédèrú ni wọ́n ti lẹ̀ mọ́ owó Philadelphia láti fi tan èèyàn jẹ. Ìwé tó kọ́ wa láti máa wá àmì náà ló tún fi páálí bo àmì náà.

Ẹnì kan ti rí àléébù yìí kí Whitman tó wọ òwò náà. M. L. Beistle, ọmọ ìlú Shippensburg ní Pennsylvania, ti ṣe ojú-ìwé páálí tó ní ihò tó já síwájú já sẹ́yìn, tí ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara sì wà níhà méjèèjì, irú èyí tó ṣe é fà wọlé fà jáde. Wayte Raymond, oníṣòwò owó àtijọ́ ní New York, ló wá gbé e lárugẹ láàárín ọdún 1930 sí i, ó pè é ní National Coin Album. Tí ẹ bá ṣí ojú-ìwé rẹ̀, iwájú owó lẹ máa rí; tí ẹ bá ṣí i sí òdìkejì, ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. V.D.B. wà níbẹ̀, D wà níbẹ̀, kò sí ohun tó pamọ́. Bí a bá ń wo òótọ́ nìkan, Raymond na Whitman lójú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wá pẹ́nì nínú ṣéńjì ò lè ra álíbọ́ọ̀mù Raymond. Ó wọ́n, ó tóbi, ọwọ́ àgbà olówó ló bá mu. Ike tó ń fà wọlé fà jáde yẹn sì ní ìpalára tirẹ̀: bí ẹ bá ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ló ń ha ibi tó yọ síta jù lára owó, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n yà sórí rẹ̀. Títí dòní, àwọn tó mọ owó á gbé e sábẹ́ iná, wọ́n á rí ìlà fínnífínní mélòó kan lójú ọ̀nà kan náà, wọ́n á ní, "Inú álíbọ́ọ̀mù lèyí ti wá." Nítorí náà, ìdájọ́ mi nìyí: Raymond ṣe ilé tó dáa jù fún owó, àmọ́ Whitman ló ṣe ìwé tó dáa jù fún èèyàn. Ọ̀kan mọyì ohun tí a ní. Èkejì mọyì wíwá a.

Páálí fúnra rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Imí ọjọ́ máa ń wà nínú páálí àti bébà àtijọ́, ó sì máa ń bá fàdákà àti bàbà jà díẹ̀díẹ̀. Pẹ́nì tó wọlé ní pupa bí iná á dúdú. Fàdákà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ láti etí wọ inú: wúrà, lẹ́yìn náà pupa, lẹ́yìn náà búlúù. Ṣé ẹ rí bí ayé ṣe rí? Ìbàjẹ́ ni nǹkan yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn ń fi oògùn fọ̀ ọ́ kúrò. Lónìí, fàdákà tó gba àwọ̀ òṣùmàrè nínú álíbọ́ọ̀mù Raymond lè tà ju èyí tó funfun láú lọ. Ẹ má wá torí ìyẹn kó owó yín sínú ohunkóhun o. Ike rírọ̀ tí wọ́n fi ṣe àwọn ojú-ìwé kan lẹ́yìn náà máa ń tú oje aláwọ̀ ewé sára owó, kò sì sí òṣùmàrè kankan nínú ìyẹn.

Mo sọ gbogbo èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mi ò fi ojú ìfẹ́ nìkan wo fódà. Ó ń bo ẹ̀yìn owó, ó ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì ń pàṣẹ fúnni. Síbẹ̀, mo ní ìwé ni, mo sì ní wọ́n ń ya á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bó ṣe sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá àgbà kú. Àwọn ọmọ rí fódà búlúù mẹ́ta nínú àpótí. Wọ́n gbé e lọ bá oníṣòwò owó àtijọ́. Oníṣòwò ò kà á, ó kàn wo ihò mẹ́ta mẹ́rin tó mọ̀ ni. Bí 1909 S VDB bá wà níbẹ̀, ó yọ ọ́. Bí 1914 D bá wà níbẹ̀, ó yọ ọ́. Ìyókù á dà sínú àpò pẹ̀lú àwọn pẹ́nì mìíràn, wọ́n á tà wọ́n lápapọ̀. Fódà wọ ilé ìdọ̀tí. Èyí tó níye lórí á lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń fi máàkì sí owó, irú PCGS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tàbí NGC tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Wọ́n á fi máàkì sí i láti 1 dé 70, wọ́n á sé e mọ́ inú ike líle. Ó jáde tán, ó mọ́, ó dá wà, kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti ń bọ̀ mọ́.

Kí ló ṣòfò? Ẹ jẹ́ ká ka fódà bàbá àgbà yẹn kí wọ́n tó tú u. Owó ọdún 1909 sí 1920 inú rẹ̀ ti yọ̀, ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa irùngbọ̀n Lincoln rẹ́. Bí ọdún ṣe ń lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń mọ́ sí i. Nígbà tó fi máa di 1939, ó ń dán. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín: ọdún bíi 1940 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Gbogbo ihò S ìlà kejì ṣófo, ti Philadelphia kún fọ́fọ́: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìhà ìlà oòrùn ló ń gbé, níbi tí owó San Francisco kì í ti í tètè dé. Láàárín pẹ́nì tó ti gbó, ẹyọ kan wà tó dáa ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ: a jẹ́ pé kò bá èyí pàdé nínú ṣéńjì, ó rà á ni, bóyá nígbà tó rí iṣẹ́. Nínú fódà kejì, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1941, pẹ́nì mẹ́ta aláwọ̀ eérú wà ní 1943, torí ogun ti gba bàbà lọ, irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni wọ́n fi rọ pẹ́nì lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn 1951, kò sí nǹkan kan mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1951? Ó lè jẹ́ ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ pé ó wọ iṣẹ́ ológun. Kì í ṣe fódà gidi kan ni mo ń sọ, àpẹẹrẹ ni mo mú wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n nìyẹn. Owó kan ṣoṣo nínú ike ò lè sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò jọ ló mú kí wọ́n máa sọ̀rọ̀.

Ìdí rèé tí mo fi gba ti àwọn tó ń kó fódà àtijọ́ jọ. David W. Lange, tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní NGC tí wọ́n ti ń fi máàkì sí owó, ló gbé ìwé ńlá jáde ní 2007 nípa àwọn pátákó ọdún 1930 sí 1949. Ó to oríṣiríṣi wọn lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń to ìtẹ̀jáde ìwé. Ẹ wò ó o: ilé iṣẹ́ tó ń yọ owó kúrò nínú fódà ni ọkùnrin yìí ti ń jẹun, òun náà ló sì tún mọ̀ pé páálí tí wọ́n ń jù nù ní ìtàn. Iṣẹ́ rẹ̀ mú kí àwọn èèyàn dẹ́kun jíju pátákó sílé ìdọ̀tí.

Mi ò ní sọ pé kẹ́nikẹ́ni má ta owó tó níye lórí. Ọmọ tó jogún 1909 S VDB lè ní gbèsè lọ́rùn, ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ ya àwòrán ojú-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ yọ sórí bébà kékeré, kẹ́ ẹ fi há ihò rẹ̀. Ẹ gbé owó tuntun tó ṣì ń dán kúrò nínú páálí, torí ìyẹn ni páálí ń bà jẹ́ jù. Àwọn pẹ́nì gbígbó tí kò níye lórí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí olówó wọn fi wọ́n sí. Ohun tẹ́ ẹ máa rí lórí wọn ò tó owó mọ́tò.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú èyí. Ọ̀rọ̀ owó àti ihò kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa lu owó ẹyọ, wọ́n sì sín in sí okùn, 40 lórí okùn kan. Láti 1907, pẹ́nì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ná ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ní ihò láàárín, àwọn èèyàn wa sì pè é ní kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ tó wá láti inú orúkọ bàbà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ihò wa wà lára owó, tiwọn wà lára páálí. Okùn máa ń ka iye: ẹyọ kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Fódà máa ń ka ìyàtọ̀: pẹ́nì méjì tó jọ ara wọn bí ìbejì kì í jókòó sínú ihò kan náà. Àwọn méjèèjì ló wúlò, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni nípa owó ló yàtọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwa mọ̀ ju àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Ní 2007, ìjọba Nàìjíríà gbé owó onírin 50 kọ́bọ̀, náírà 1 àti náírà 2 jáde. Mélòó nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí ló ti fi ọ̀kan ra nǹkan rí? A mọ bí owó ṣe ń kú lójú ọjà nígbà tó ṣì wà nínú òfin. Fódà ò lè yè níbi tí owó onírin ò bá ti máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, torí ṣéńjì ni oúnjẹ rẹ̀.

Amẹ́ríkà náà ti ń bọ̀ wá bá wa níbẹ̀. Ní 1965, wọ́n fi òfin yọ fàdákà kúrò nínú dime àti owó sẹ́ńtì 25. Àwọn èèyàn sáré kó èyí tó ní fàdákà pamọ́, fódà Mercury sì di ohun tí ṣéńjì ò lè kún mọ́. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò nìkan ló kù. Pẹ́nì ló ṣẹ́ kù fún ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, Philadelphia rọ pẹ́nì ìgbẹ̀yìn tó wà fún níná. Wọn ò gbà á kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ náà ló kù.

Èyí sọ fódà Lincoln di ìwé tó ti ní ìparí, lẹ́yìn 116 ọdún tí àwọn orí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ fódà Whitman, àwọn ihò kan máa ń wà ní ìparí tí wọn ò kọ ọdún kankan sábẹ́ wọn. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún owó tí wọn ò tíì rọ, torí ó dá wọn lójú pé pẹ́nì á máa wá lọ́dọọdún. Lára àwọn ihò yẹn, a ti rí àwọn kan báyìí tí kò sí owó tó máa wọ̀ wọ́n láé. Bí ẹ bá bá irú fódà bẹ́ẹ̀ pàdé, ní ọjà àlòkù ní ìlú òkèèrè tàbí nínú ẹrù ẹ̀gbọ́n tó darí dé láti Houston, ẹ má wo 1909 nìkan. Ẹ ṣí i dé òpin, kẹ́ ẹ ka ìyẹn náà.